Níbo Ni Omi Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Yín Ń Lọ? Fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Kó Dé Ìgbèríko Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ti gbé ọ̀pọ̀ nínú wa kọjá London, ó dé àwọn ìlú kéékèèké bíi ti Herefordshire, Norfolk àti Cumbria. Bí ẹ bá ń gbé àárín ìlú, páìpù gbogboogbò ló ń kó omi ìdọ̀tí lọ síbi tí ilé-iṣẹ́ omi ti ń tọ́jú rẹ̀. Ilé tó wà lẹ́yìn ìlú, láàárín oko, ni ọ̀rọ̀ wà: inú ọgbà ilé náà gan-an ni ohun gbogbo lè máa lọ. Ẹ bi ejẹ́ǹtì kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Ẹni tó bá ti kọ́lé rí n'Ìbàdàn tàbí Ọ̀tà á ní, kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ òun nípa séptíìkì? Táńkì náà kò kúkú yàtọ̀: ohun tó wúwo á rì, ọ̀rá á léfòó, omi àárín á ṣàn jáde. Ibi tó ń ṣàn lọ ló yàtọ̀. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2015 kò fàyè gbà kí ẹ da omi yìí sínú kànga tàbí kòtò jíjìn, bíi sọ́kàwéè tiwa. Páìpù oníhò ni wọ́n ń tẹ́ sórí òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ koríko, níbi tí kò jìn, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ lè jẹ ìdọ̀tí tó kù kí omi náà tó sọ̀ kalẹ̀. Drainage field ni wọ́n ń pè é. Ẹ má gbé mọ́tò sórí rẹ̀, ẹ má gbin igi síbẹ̀.

Àwọn ilé kan ní ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná mànàmáná fẹ́ atẹ́gùn sínú omi ìdọ̀tí. Omi tirẹ̀ mọ́ débi pé òfin gbà kó ṣàn sódò. Ti séptíìkì lásán kò gbọdọ̀ débẹ̀. Tọ̀sán-tòru ni ẹ̀rọ yìí ń kùn. Mo mọ̀ pé owó iná ń dunni, àmọ́ ẹ má pa á o, àwọn kòkòrò inú rẹ̀ á kú. Cesspool tún wà, táńkì tó dí pátápátá, tí omi kò ti inú rẹ̀ jáde. Gbogbo omi tí ẹ bá lò ni wọ́n máa fi ọkọ̀ wá fà. Bó bá jẹ́ ayálégbé ni yóò máa san owó yẹn, èmi ò ní gba irú ilé bẹ́ẹ̀.

Onílé ló ni ẹrù títún táńkì tàbí ẹ̀rọ náà ṣe, ṣùgbọ́n ó lè fi ìwé àdéhùn gbé ìtọ́jú rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ ka ìwé yẹn dáadáa. Séptíìkì yẹ ní fífà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹni tó bá sì wá fà á gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ kíkó ìdọ̀tí. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Ẹ yẹ ìwé owó omi náà wò. Ilé tí kò so mọ́ páìpù gbogboogbò kì í san owó sewerage, ìyẹn owó kíkó omi ìdọ̀tí lọ. Bí wọ́n bá kọ ọ́ mọ́ yín, ẹ pè wọ́n kí wọ́n yọ ọ́, kí ẹ sì béèrè èyí tí ẹ ti san.

Ilé ìdáná ni tiwa ti máa ń bàjẹ́ jù. Epo pupa tó ń ṣàn nílé máa ń dì gbagidi nínú páìpù tó bá tutù. Ẹ fi bébà nu ìkòkò ọbẹ̀ kí ẹ tó fọ̀ ọ́, kí ẹ ju bébà náà sí ike ìdọ̀tí. Blíìṣì àti Izal tí a ń dà bí ẹni ń lé àjẹ́ ń pa kòkòrò tó ń bá wa ṣiṣẹ́, ẹ rọra. Bébà olómi tí a fi ń nu ìdí ọmọ kò gbọdọ̀ wọ ṣáláńgá, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ẹ pín aṣọ fífọ̀ sí ọjọ́ méjì mẹ́ta, kí omi má baà ya wọ táńkì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkómọ tí àádọ́ta èèyàn máa wá ńkọ́? Ẹ háyà gbọ̀ngàn abúlé.

Bí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá ń lọ tìkọ̀tìkọ̀, tí òórùn ń yọ, tàbí tí koríko apá kan rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ láìsí òjò, ẹ pe onílé lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣí ìdérí táńkì fúnra yín, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń pani. Bí ìdọ̀tí bá ti ń ṣàn sódò, nọ́ńbà Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, ni 0800 80 70 60, wọ́n ń gbé e lóru pẹ̀lú.