Àṣìṣe tó ń pa Corolla àtijọ́ lọ́nà Kábà sí Lọ́kọ́ja

Nínú àwọn Corolla àti Civic tí wọ́n ti tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé káàkiri Ìyàrà, Mọ̀pà àti Ìsánlú, ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe ogbó ló pa wọ́n. Hóòsì omi kan ló ya, olówó ọkọ̀ ní òun á máa mánéèjì ẹ̀ títí owó oṣù á fi wọlé. Kí owó oṣù tó wọlé, ẹ́ńjìnnì ti lọ.

Nídìí ooru ni àṣìṣe tó burú jù wà. Ọkọ̀ ń gun òkè, abẹ́rẹ́ géèjì ti kọjá àárín, awakọ̀ á ní: "Ọbájánà ò jìnnà mọ́, ẹ jẹ́ ká rọra débẹ̀." Ẹ má rọra débì kankan o. Aluminiọ́mù ni bùlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì 1ZZ tó wà nínú Corolla 2003, aluminiọ́mù náà ni tọ́ọ̀pù rẹ̀. Bí ooru bá pọ̀ jù, tọ́ọ̀pù á wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, omi á wọnú ọ́ìlì. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí: bí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn bá rí bí ògì tí wọ́n bu mílíìkì sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Iye owó ń yí lójoojúmọ́, àmọ́ bó ṣe ń gorí ara wọn kì í yí. Hóòsì nìkan, owó pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ ni. Tó bá di tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ó san owó gásíkẹ́ẹ̀tì, owó iṣẹ́, owó ọ́ìlì tuntun, owó àwọn tó máa fi ẹ̀rọ ha tọ́ọ̀pù kó lè tẹ́jú, àti owó ọkọ̀ ẹni tó gbé e lọ sí Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ́ńjìnnì Bẹ́líjíọ̀mù (àlòkù láti òkè òkun) ló kù.

Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ pa AC, kí ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì jókòó. Ẹ má ṣí ìdérí rẹdiétọ̀ nígbà tó ṣì gbóná, torí omi tó wà níbẹ̀ lè ti kọjá 100°C láìhó, nítorí pé ìdérí náà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ ṣí i báyìí, ojú yín ló máa fò bá. Ẹ má sì da omi tútù sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, ó lè là.

Àwọn mẹkáníìkì wa kan wà tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá ti gbóná báyìí, tẹ́mọ́sítáàtì (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná) ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ. "Ọ̀gá, ti òyìnbó nìyẹn, ilẹ̀ wa kì í tutù." Irọ́ ni. Nǹkan bí 82°C ni ti Corolla yìí máa ń ṣí, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè dé ibi tó yẹ kó dé. Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó gbóná dáadáa, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á máa fún un ní epo bíi pé òtútù ń mú un, owó epo yín á sì lọ sókè. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì mìíràn, omi gbígbóná á tún máa gba ọ̀nà ẹ̀yìn yípo láìdé rẹdiétọ̀. Omi kànga lásán nínú rẹdiétọ̀ pàápàá, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà tí kò sọ́gbọ́n mìíràn. Kọ́lánǹtì ni kò ní jẹ́ kí inú rẹ̀ dípẹtà.

Ọ́ìlì ńkọ́? Àwọn 1ZZ tó jáde láàárín 1998 sí nǹkan bí 2004 máa ń jẹ ọ́ìlì, torí ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìnì wọn kéré, ó sì máa ń dí. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ rí èéfín. Lítà 3.7 péré ló ń gbà, nítorí náà bí lítà kan bá lọ, ó ti pọ̀. Ẹ máa fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Dída ọ́ìlì tó ki sínú rẹ̀ kó lè "gbé e ró" kò tún ohunkóhun ṣe.

Ti tímínì bẹ́líìtì, ìyẹn bẹ́líìtì tó ń mú kí fáfù ẹ́ńjìnnì ṣí lásìkò, ṣókí ni: ṣéènì ni Corolla 2003 ń lò, Civic 1996 sí 2000 ń lo bẹ́líìtì, bó bá sì já lórí eré, fáfù á tẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí gíà aláìfọwọ́tẹ̀ (ọtomátíìkì) bá ń ta, ẹ má sáré ra òmíràn. Ọ́ìlì gíà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ sì bèèrè irú èyí tí wọ́n dà sí i. Gbogbo ọ́ìlì pupa kọ́ ló jọra: T-IV ni ti Corolla 2003, Honda ní tirẹ̀. Kódà bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n yàtọ̀: ẹ́ńjìnnì Toyota gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó fa ọ̀pá, ti Civic ẹ ó ti pa á tán.

Ojú ọ̀nà wa náà ń ṣe tirẹ̀. Pẹ̀lú ihò tí àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì ń gbẹ́ sílẹ̀, rọ́bà tó bo ìsẹ́po ṣáàfù níwájú ló máa ń kọ́kọ́ ya. Gírísì á ta sí ẹ̀gbẹ́ inú táyà, iyanrìn á wọ inú rọ́bà náà. Ní àkókò yìí, rọ́bà àti gírísì nìkan lẹ máa ra. Tó bá ti ń dún ta-ta-ta nígbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ kọ́nà, odindi ṣáàfù lẹ máa ra. Ẹ bẹ abẹ́ ọkọ̀ wò nígbàkigbà tí fọkanáísà bá yọ táyà.

Iná "check engine" tó ń tàn, àwọn kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ kó má baà máa dà wọ́n láàmú. Mi ò mọ irú ìfẹ́ tí wọ́n ní sí owó wọn. Corolla àti Civic tó ti Amẹ́ríkà wá láti 1996 ní ibi tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ sí lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, owó tí wọ́n ń gbà láti fi ẹ̀rọ wò ó kò tó owó sẹ́ńsọ̀ kan tí ẹ rà lófo. Bí kóòdù bá jẹ́ P0171, èyí tó ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ta pọ́ǹpù epo fún yín kí ó tó wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò, kí ó sì fọ sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn fílítà, bí ọkọ̀ yín bá ní in.