Ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín ń lọ sí bọ́dìn ní Ìlú Ọba

Yunifọ́ọ̀mù kan, aṣọ òtútù, oògùn ẹ̀ àti lẹ́tà síkúùlù, inú báàgì ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹ̀ sí o, ẹ má kó o sínú àpótí ńlá. Téèyàn bá wọ bàálù méjì mẹ́ta láti Ìlọrin dé ọ̀hún, ọmọ lè dé kẹ́rù ṣì wà lọ́nà, kíláàsì ò sì ní dúró dè é. Ohun olómi tó bá ju mílílítà 100 lọ ò ṣeé kó sí báàgì ọwọ́ ṣá, àpótí ni tìpara àtepo. Wàrà àti kílíṣí tíyá àgbà fẹ́ dì fún un ńkọ́? Ẹ yáa jẹ ẹ́ nílé, wọn ò gbẹran àti wàrà wọlé lọ́hùn-ún.