Ẹ gbé fínígà yẹn sílẹ̀: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí kọ́ìnì bàbà àwọn ará Róòmù

Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun sí kọ́ìnì Róòmù tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fínígà tẹ́ ẹ fẹ́ fi fọ̀ ọ́ yẹn sílẹ̀ ná. Fínígà o, ọsàn wẹ́wẹ́ o, Coke o, Brasso o, wáyà búrọ́ọ̀ṣì o, gbogbo ẹ̀ pátá, ẹ kó o kúrò níbẹ̀. Àwọ̀ ewé tàbí dúdú tẹ́ ẹ rí lára ẹ̀ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, patina ni wọ́n ń pè é, inú ilẹ̀ tó wà fún ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé ló ti rí i, òun gan-an ló sì gbé imú ọba àti lẹ́tà ara ẹ̀ ró. Tẹ́ ẹ bá ti bó o kúrò, kò sóhun tó lè dá a padà mọ́, bàbà pípọ́n tó kún fún ihò wẹ́wẹ́ ló máa kù sí yín lọ́wọ́, ẹni tó fẹ́ fowó gidi rà á tẹ́lẹ̀ á kàn mirí ni, á kọjá lọ.

Tó bá jẹ́ pé erùpẹ̀ ló bò ó lóòótọ́, distilled water tí wọ́n ń rọ sí bátìrì yẹn náà ni kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sí, ẹ máa pààrọ̀ omi ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi igi ìtayín rọra máa tú erùpẹ̀ yẹn. Ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù. Àwọn kan á ní òróró ólífì ni, àmọ́ ásíìdì wà nínú òróró yẹn náà, ó ń jẹ patina díẹ̀díẹ̀, èmi ò fọwọ́ sí i o.

Àwọ̀ ewé kan wà ṣá tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀, èyí tó mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, tó ń bù bí àtíkè tẹ́ ẹ bá fi abẹ́rẹ́ kàn án. Bronze disease nìyẹn. Kílóráìdì, ìyẹn irú iyọ̀ kan tó wà nínú bàbà yẹn, ló pàdé omi inú afẹ́fẹ́, á sì máa jẹ ẹ́ lọ títí á fi dáhò. Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ ha àtíkè yẹn kúrò, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tẹ́ ẹ po kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní sodium sesquicarbonate sí, ẹ gbẹ ẹ́ dáadáa, kẹ́ ẹ sì kó àwọn àpò silica gel kékeré inú páálí bàtà tuntun sí ibi tẹ́ ẹ ń tọ́jú ẹ̀ sí. Ọ̀rá PVC rírọ̀ náà ò dáa fún bàbà, ọ̀rá polyester tí wọ́n ń pè ní Mylar ni kẹ́ ẹ rà.

Ọ̀rọ̀ gírédì, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń sọ bí kọ́ìnì ṣe dáa tó, ló wá ń bí mi nínú jù. Ẹlòmíì á gbé ìwọ̀n 1 sí 70 tí William Sheldon ṣe ní 1949 fún sẹ́ǹtì bàbà ayé àtijọ́ ti Amẹ́ríkà, á fi wọn owó Róòmù! Òòlù ni wọ́n fi ń lu owó Róòmù, ọwọ́ èèyàn ló sì ń lù ú, kọ́ìnì lè jáde lójú ẹsẹ̀ kí ìdajì orúkọ ọba má sí lára ẹ̀, kò tíì dé ọjà rárá. Torí náà Fine, Very Fine, Extremely Fine, bó ṣe gbó tó nìkan ni wọ́n ń sọ fún yín. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe lù ú, ṣé ojú ọba wà láàrin, ṣé ara ẹ̀ jọ̀lọ̀. NGC gan-an, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń fún kọ́ìnì ní gírédì, tí wọ́n bá ń wo kọ́ìnì àtijọ́, máàkì ọ̀tọ̀ nínú 5 ni wọ́n ń fún lílù, ọ̀tọ̀ nínú 5 fún ara.

Sestertius, owó bàbà ńlá àwọn ará Róòmù, làwọn gbájú-ẹ̀ fẹ́ràn jù torí ó tóbi, ó lè fẹ̀ ju mìlímítà 30 lọ. Wọ́n á fi ọ̀bẹ wẹ́wẹ́ gbẹ́ irun ọba Hadrian tó ti parẹ́ padà, wọ́n á họ ilẹ̀ kọ́ìnì náà, ìyẹn ibi tí kò sí àwòrán, títí á fi dán, wọ́n á wá kun patina ayédèrú lé e. Tí irun bá mú ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, tí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ sá. Ẹ wo etí kọ́ìnì náà, ìlà ìpàdé túmọ̀ sí pé ṣe ni wọ́n dà á sínú mọ́ọ̀dù. Ayédèrú ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ náà o, Giovanni da Cavino ti ń ṣe tiẹ̀ ní Padua ní Ítálì láàrin ọdún 1500 sí 1600, ó sì dáa débi pé àwọn kan ń wá tiẹ̀ gan-an rà báyìí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "ó ti lé ní 1,600 ọdún" gba owó lọ́wọ́ yín. Owó kékeré ìgbà ọba Constantine, èyí tí sójà méjì dúró lára ẹ̀ tí wọ́n kọ GLORIA EXERCITVS sí, ó pọ̀ bí nǹkan míì. Ní Seaton Down ní Devon, ní England, kọ́ìnì tó lé ní 22,000 ni wọ́n hú jáde lẹ́ẹ̀kan náà ní 2013. Ti Frome ní Somerset ní 2010 tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, 52,503 nínú ìkòkò kan ṣoṣo, àmọ́ owó tó ṣáájú ìgbà Constantine nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní England, Wales tàbí Northern Ireland tẹ́ ẹ ń gbé detector, ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú ilẹ̀, kiri oko, kọ́ìnì bàbà mẹ́wàá tó ti lé ní 300 ọdún, tí wọ́n bá wà pọ̀, treasure (ìṣúra) ni lábẹ́ òfin Treasure Act 1996, ọjọ́ 14 lẹ ní láti fi sọ fún coroner, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń rà, káàdì kékeré tí oníṣòwò àtijọ́ kọ nǹkan sí, tó wà nínú àpò kọ́ìnì náà, ẹ má jù ú nù, ẹni tẹ́ ẹ máa tà á fún lọ́la máa béèrè ẹ̀.