Kòkòrò ta ẹran ilé yín? Ẹ gbé kẹrosíìnì yẹn sílẹ̀ ná

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ehoro, ológbò tàbí ọmọ ajá ní Àkúrẹ́ níbí, òjò ti bẹ̀rẹ̀ o, kòkòrò náà ti jáde. Aláǹtakùn ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti ń sin ẹran lọ́nà Aulẹ̀, oyin, agbọ́n àti ìjàlọ ló ń fún mi ní wàhálà, aláǹtakùn ò tíì ṣe mí ní nǹkan kan.

Ọmọ ajá kì í gbọ́n, ẹnu ló fi ń lé oyin. Tó bá ta á, ẹ wo ojú ibẹ̀ dáadáa torí oyin máa ń fi abẹ́rẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ sára, oró á sì máa wọlé lọ, ẹ fi eékánná tàbí káàdì ATM ha á kúrò kíá. Agbọ́n kì í fi tiẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ló fi ń ta léraléra. Ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wá fi aṣọ wé áìsì lé e fún bí ìṣẹ́jú 10.

Ẹ má fi kẹrosíìnì pa á lára, á lá a ni. Parasitámọ́ ń pa ológbò o! Oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin náà ń pa á.

Tí ojú tàbí ọ̀fun bá ń wú, tí ò lè mí dáadáa, tí èrìgì ẹ̀ funfun, dókítà ẹran ló kàn. Ehoro ní tiẹ̀, tí ò bá ti jẹun fún wákàtí 12, ẹ gbé e lọ.

Ìjàlọ wá ńkọ́? Lọ́dún tó kọjá, òru ni wọ́n wọ kéèjì mi, igbe ehoro ló jí mi, ehoro tí kì í ké! Ọ̀kan kú. Àwọn tó kù, ẹ̀mú la fi ń yọ ìjàlọ lára wọn níkọ̀ọ̀kan, torí tẹ́ ẹ bá fà á já, orí ẹ̀ á ṣì há mọ́ awọ. Ní báyìí, ẹsẹ̀ kéèjì kọ̀ọ̀kan wà nínú agolo mílíìkì tí mo da ọ́ìlì dúdú ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì sí, mo gé ewé kòkó tó ń kan kéèjì, afárá wọn nìyẹn. Ọ̀tapíapíá ò gbọdọ̀ débẹ̀, ó lè pa ehoro fúnra ẹ̀. Àràárọ̀ ni mo ń yẹ àwọn agolo yẹn wò, torí òjò ò ní pẹ́ kún wọn, ọ́ìlì á sì ṣàn lọ.