Bíróílà 50 lẹ́yìn ilé: láti inú páálí dé inú fírísà

Ẹ má tíì lọ ra ọmọ adìẹ o. Ibi tí wọ́n máa sùn lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, ibẹ̀ á sì ti móoru kí páálí tí wọ́n kó wọn sí tó wọlé, torí lójú tèmi, ohun tó ń pa bíróílà, adìẹ tá à ń sìn fún ẹran, jù lọ́wọ́ àwa tá à ń sìn ín lẹ́yìn ilé kì í ṣe àrùn, òtútù àti ilẹ̀ tó tutù ni. Ìbàdàn níbí ni mo ti ń sìn ín, àádọ́ta àádọ́ta ni mo máa ń kó, mi ò kì í kó jù bẹ́ẹ̀ torí èmi àtàwọn ọmọ mi la jọ ń ṣe é.

Yàrá tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10 tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6 á gba 50 títí wọ́n á fi tóó pa, ẹ má fún wọn mọ́ra jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sìmẹ́ńtì ṣe ilẹ̀, kí ògiri ga dé orúnkún, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin ṣe òkè rẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa wọlé, kí eku àti ejò má sì rọ́nà gbà. Ẹ wá da ṣéfíìn sílẹ̀ kó nípọn tó íǹṣì 3, èyí tí kápẹ́ńtà fá lára pákó ni mò ń sọ o, kì í ṣe ti sọ́míìlì tó kúnná bí èlùbọ́, torí àwọn ọmọ á máa ṣà á jẹ, eruku rẹ̀ á sì máa dí wọn nímú. Ọjọ́ 3 àkọ́kọ́, ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn lé e lórí.

Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọmọ adìẹ, ẹ ṣí páálí wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Kí ojú wọn mọ́ kedere, kí ìdodo wọn ti gbẹ, kí wọ́n lè dá dúró. Nínú irú bíróílà tó wà, Arbor Acres, Ross, Cobb àti Marshall lẹ máa rí jù, gbogbo wọn ló ń tètè dàgbà. FUNAAB Alpha tí wọ́n ṣe ní yunifásítì Abẹ́òkúta yàtọ̀ ní tiẹ̀, adìẹ tó ṣeé sìn fún ẹran tó sì ṣeé sìn fún ẹyin ni, kì í yára bíi bíróílà. Tó bá jẹ́ ti Kérésì lẹ fẹ́ fi ṣe, ìparí Òkútóbà sí ìbẹ̀rẹ̀ Nòfẹ́ńbà ni kẹ́ ẹ kó wọn, ọ̀sẹ̀ 6 sí 7 ni bíróílà fi ń tó kìlò 2 àti díẹ̀, àmọ́ ẹ tètè sanwó sílẹ̀ o, torí gbogbo ayé ló máa ń lé e lásìkò yẹn.

Ó wá kan ooru, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà nìyí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ibi tí wọ́n wà gbọ́dọ̀ móoru tó 32 sí 35 díígíríì, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa fi bíi 3 dín in kù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àdògán tẹ́ ẹ da èédú sí ló wọ́pọ̀ nígbà tí iná ìjọba ò ṣeé gbọ́kàn lé, ẹ fi páálí tàbí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe ọgbà róbótó yí àwọn ọmọ náà ká, kó má ní kọ̀rọ̀ kankan, torí inú kọ̀rọ̀ ni wọ́n ti máa ń gun ara wọn lé tí ti ìsàlẹ̀ á fi kú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sin adìẹ, òjò rọ̀ lálẹ́, ẹ̀rù òtútù bà mí, ni mo bá fi tapólì bo gbogbo nẹ́ẹ̀tì pátápátá, mo da èédú tuntun sí àdògán, mo lọ sùn. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, 17 ti kú, ìyẹ́ wọn ṣì rọ̀ bí òwú. Èéfín èédú yẹn ni o, òórùn rẹ̀ gan-an lè má hàn sí yín, àmọ́ ó ń pa ọmọ adìẹ, ó ń pa èèyàn náà. Láti ọjọ́ yẹn, ìta ni mo ti máa ń jẹ́ kí èédú pọ́n dáadáa kí n tó gbé e wọlé, mo sì máa ń ká tapólì sílẹ̀ lápá òkè níbi tó fẹ̀ tó ọwọ́ méjì kí èéfín rọ́nà jáde.

Tẹ́ ẹ ò bá ní ohun tẹ́ ẹ máa fi wọn ooru, ẹ wo àwọn ọmọ náà, wọ́n á sọ fún yín. Tí wọ́n bá ń kígbe tí wọ́n rọ́ mọ́ra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán, òtútù ń mú wọn, tí wọ́n bá sá lọ sí etí ọgbà tí wọ́n la ẹnu tí wọ́n na ìyẹ́ apá, ooru ti pọ̀ jù, àmọ́ tí wọ́n bá tàn káàkiri tí àwọn kan ń jẹun tí àwọn kan ń sùn, ó dáa. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, ẹ mú bíi mẹ́wàá, ẹ fọwọ́ kan àpò oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ ọrùn wọn. Kó kún kó sì rọ̀. Èyí tó bá ṣófo kò tíì rí omi àti oúnjẹ nìyẹn, ẹ ti ẹnu ẹ̀ bọ omi díẹ̀, á mọ ibẹ̀. Omi tí mo fi glúkóòsì sí ni mo fi ń kí wọn káàbọ̀.

Oúnjẹ wọn ò ṣòro, ó kàn ń jẹ owó ni. Starter, oúnjẹ ìbẹ̀rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 4, lẹ́yìn náà finisher, oúnjẹ ìparí, títí dé ọjọ́ tẹ́ ẹ máa pa wọ́n, 50 á jẹ bíi báàgì kìlò 25 mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án lápapọ̀, ẹ kó owó rẹ̀ jọ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ torí ẹni tówó ẹ̀ tán ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹran kò ní tóbi fún un. Àjẹsára Gọ́mbórò àti Lásótà (ti àrùn Newcastle) lẹ máa fún wọn nínú omi, ẹ béèrè ọjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà ẹran torí ó sinmi lórí èyí tí wọ́n ti gbà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Inú fíláàsì tó ní yìnyín ni kẹ́ ẹ gbé e sí bọ̀ wálé, ẹ má fún wọn lómi fún bíi wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú, kí òùngbẹ gbẹ wọ́n, ẹ má sì lo omi ẹ̀rọ tó ní klorínì, ó máa ń ba àjẹsára jẹ́.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Ẹ bu ṣéfíìn sọ́wọ́, ẹ fún un: tó bá tú ká tẹ́ ẹ ṣí ọwọ́, ó dáa, tó bá dì bí ẹ̀bà, ẹ kó apá ibẹ̀ dànù kẹ́ ẹ da tuntun sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé ibi tí orí adìẹ mọ, tí òórùn bá ta yín lójú, òun náà ló ń ta wọ́n lójú tọ̀sán tòru. Ilẹ̀ tútù ló ń mú coccidiosis, àrùn inú ìfun, wá, ẹ máa rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ wọn, ẹ má dúró di ọ̀la, oògùn Amprolium nínú omi ló ń bá a jà. Oògùn yòówù kẹ́ ẹ lò, ẹ ka iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kèèyàn dúró kó tó pa adìẹ, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ yín ló máa jẹ ẹran yẹn.

Ọjọ́ pípa: láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni kẹ́ ẹ ti kó oúnjẹ kúrò, omi nìkan ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, ìfun á ti fúyẹ́ tó bá fi di aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹ má lé adìẹ kiri, ẹ mú un jẹ́jẹ́, ẹran tó bá sá eré títí ara rẹ̀ á le, èmi ò sì fẹ́ kí ohun tí mo fọwọ́ ara mi sìn kú nínú ìbẹ̀rù. Kéègì òróró lítà 5 ni mo gé ìdí rẹ̀, mo fẹ ẹnu rẹ̀ sí i, mo kàn án mọ́ òpó ní ìdojúdé, tí mo bá ti adìẹ bọ̀ ọ́, orí rẹ̀ nìkan ló máa yọ, kò ní lè gbọn ìyẹ́ rárá. Ọ̀bẹ tó mú dáadáa, lábẹ́ àgbọ̀n, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dà fún bíi ìṣẹ́jú 2 sí 3 títí tí kò fi ní mira mọ́.

Omi gbígbóná ló ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn jà. Ẹ má da omi tó ń hó lé e lórí, awọ ẹ̀ á bó. 60 sí 65 díígíríì ni, ìyẹn garawa omi híhó kan sí garawa omi kànga kan, kí híhó fi díẹ̀ jù ú. Ẹ rì í, ẹ máa yí i, ẹ ka ọgọ́ta, ẹ fa ìyẹ́ ńlá kan níbi apá. Tó bá yọ bí ìgbà tẹ́ ẹ fa koríko nínú ilẹ̀ tó rọ̀, ẹ gbé e jáde, ẹ tètè tu ú kó tó tutù.

Ẹ gé ẹsẹ̀ níbi oríkèé, ẹ la ìsàlẹ̀ ikùn díẹ̀, ẹ rọra ti ìka bọ̀ ọ́ títí kẹ́ ẹ fi dé òkè, ẹ fa gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Òróòro wà lára ẹ̀dọ̀, ó dúdú ní àwọ̀ ewé, ẹ gé e pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ díẹ̀ kó má bàa bẹ́, tó bá bẹ́, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án lójú ẹsẹ̀. Ẹ la iwe, ẹ bó awọ ìyeyè inú rẹ̀. Kí ẹran náà wà nínú omi yìnyín títí inú rẹ̀ á fi tutù, adìẹ kìlò 2.2 á ṣẹ́kù bíi 1.6. Ẹ jẹ́ kó sun inú fíríìjì mọ́jú kó tó wọ fírísà, ó máa ń rọ̀ sí i lẹ́nu. Tí iná àdúgbò yín kò bá ṣe déédéé, ẹ máa pa á ní mẹ́wàá mẹ́wàá.

Ìyẹ́ àti ìfun, ẹ rì wọ́n mọ́lẹ̀ kí ajá má hú wọn. Ṣéfíìn tó ní ìgbẹ́, ẹ kó o jọ fún oṣù mélòó kan kó jẹrà kẹ́ ẹ tó dà á sídìí ewédú, tútù rẹ̀ máa ń jó ewé. Ẹ fi ọṣẹ àti ìsáàlì fọ ilé adìẹ náà, kẹ́ ẹ ṣí i sílẹ̀ fún oòrùn, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 2, kí páálí mìíràn tó wọlé.