Bí a ṣe ń ṣètò ọ̀nà ìṣàkóso àti VLAN lórí switch Cisco 2960

Ẹ gbé switch, àpótí oníhò tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì pọ̀, jáde, ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, ẹ tan iná, ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kì í fi í fọwọ́ kàn án mọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe wà yẹn, VLAN 1 ni gbogbo ihò ara rẹ̀ wà: kọ̀ǹpútà akáńtì, fóònù àlejò tó ń lo Wi-Fi, kámẹ́rà ẹnu géètì, gbogbo wọn jọ wà nínú yàrá kan. VLAN ni ògiri tí a fi ń pín yàrá náà. Èyí tó sì ṣe pàtàkì jù ni pé yàrá tí a ti ń darí switch fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá wà, kí àlejò má lè dé ibẹ̀.

Catalyst 2960 oníhò 24 ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ kọ́kọ́ mú bébà, kí ẹ kọ nọ́mbà àwọn VLAN yín sílẹ̀. Ìlànà 802.1Q fàyè gba 1 títí dé 4094, ṣùgbọ́n Cisco ti fi 1002 sí 1005 pamọ́ fún ara rẹ̀. Tiwa nìyí: 10 fún akáńtì, 20 fún àlejò, 30 fún kámẹ́rà, 99 fún ìṣàkóso.

1. Ẹ wọlé láti ojú console, ìyẹn ihò tí a fi ń bá switch sọ̀rọ̀ tààrà láìgba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wáyà pẹlẹbẹ aláwọ̀ búlúù yẹn ni ẹ ó lò. Bí láptọ́ọ̀pù yín kò bá ní ihò serial, ẹ ra ohun tó ń so ó mọ́ USB. Ẹ ṣí PuTTY (ètò tí a fi ń tẹ àṣẹ sí switch láti orí láptọ́ọ̀pù), ẹ yan Serial, ẹ fi nọ́mbà COM tí ẹ rí nínú Device Manager sí i, kí eré rẹ̀ sì jẹ́ 9600. Ẹ tẹ Enter. Ojú console yìí ni kí ẹ ti ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, torí pé bí ẹ bá ṣèèṣì ti ara yín mọ́ ìta lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, console kò ní í lé yín.

2. Ẹ nu ètò ẹni àná kúrò. Tòkunbọ̀ kì í dé lọ́wọ́ òfo.

enable
write erase
delete flash:vlan.dat
reload

Bó bá béèrè bóyá kó tọ́jú ètò kó tó tún ara rẹ̀ tàn, ẹ dáhùn no. Bó bá tàn tán tó sì fẹ́ máa bi yín ní ìbéèrè ìbẹ̀rẹ̀, no náà ni. Ọ̀pọ̀ ń fo ìlà kẹta yẹn, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Inú vlan.dat ni àwọn VLAN àtijọ́ ń gbé, pẹ̀lú nọ́mbà tí VTP (ètò Cisco tó ń pín àkọsílẹ̀ VLAN láti switch kan sí òmíràn) fi ń mọ ètò tó tuntun jù. Bí orúkọ VTP tòkunbọ̀ bá bá ti ọ́fíìsì mu, tí nọ́mbà tirẹ̀ sì ga jù, VLAN gbogbo ọ́fíìsì lè pòórá ní ìṣẹ́jú kan.

Bó bá ń bi yín ní pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ kò mọ̀, ẹ yọ iná rẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì Mode mọ́lẹ̀, ẹ dá iná padà, ẹ má sì fi bọ́tìnì sílẹ̀ títí ẹ ó fi rí `switch:`. Ẹ tẹ `flash_init`, lẹ́yìn náà `del flash:config.text` àti `del flash:vlan.dat`, kí ẹ wá tẹ `boot`.

3. Orúkọ, pásíwọ́ọ̀dù àti SSH, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí a fi ń wọ switch láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

enable
configure terminal
hostname SW-OFIISI
vtp mode transparent
enable secret ORO-ASIRI-KAN
username alabojuto privilege 15 secret ORO-ASIRI-MIRAN
ip domain-name ofiisi.local
crypto key generate rsa modulus 2048
ip ssh version 2
line vty 0 15
login local
transport input ssh
line console 0
login local
exit

Ẹ má lo Telnet, ọ̀nà àtijọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ SSH. Gbangba ni pásíwọ́ọ̀dù ń rìn lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣọ́ wáyà yóò kà á. Bí switch bá sọ pé òun kò mọ `crypto`, ẹ wo orúkọ IOS rẹ̀ (ètò tó ń darí switch náà) pẹ̀lú `show version`: èyí tí kò ní k9 nínú orúkọ kò lè ṣe SSH.

4. Ẹ dá àwọn VLAN, kí ẹ fún switch ní àdírẹ́sì.

vlan 10
name AKANTI
vlan 20
name ALEJO
vlan 30
name KAMERA
vlan 99
name ISAKOSO
interface vlan 99
ip address 192.168.99.2 255.255.255.0
no shutdown
exit
ip default-gateway 192.168.99.1

Bí ẹ bá rí i pé Vlan99 ṣì wà ní down, ẹ má bẹ̀rù. Kò ní í jí àfi bí ihò kan tó wà nínú rẹ̀ bá ti ní nǹkan tó tàn lórí.

5. Ẹ pín ihò.

interface range fa0/1 - 12
switchport mode access
switchport access vlan 10

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún 13 sí 18 pẹ̀lú 20, àti 19 sí 22 pẹ̀lú 30. Fa0/24 ni ti kọ̀ǹpútà alábòójútó, VLAN 99. Fa0/23 tí ẹnì kan kò lò, ẹ tẹ `shutdown` lórí rẹ̀.

6. Trunk sí ráútà. Trunk ni pasẹ́jì tí gbogbo yàrá ń gbà jáde.

interface gi0/1
switchport mode trunk
switchport trunk allowed vlan 10,20,30,99

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi VLAN 40 kún un, `switchport trunk allowed vlan add 40` ni ẹ ó tẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé `add`, 40 nìkan ni yóò kù lórí trunk, gbogbo ilé á dákẹ́, ẹ̀yin tí ẹ sì gba ráútà wọlé pẹ̀lú SSH á já lójú ẹsẹ̀.

Ẹ rántí pé ráútà ni yóò máa so àwọn VLAN wọ̀nyí pọ̀. Bí ẹ kò bá kọ òfin sórí rẹ̀, yóò gbé àlejò láti 20 lọ bá akáńtì ní 10, bíi pé ẹ kò mọ ògiri kankan.

7. Ẹ ti ilẹ̀kùn ìṣàkóso.

access-list 10 permit 192.168.99.0 0.0.0.255
line vty 0 15
access-class 10 in
end

Ẹ fún kọ̀ǹpútà tó wà lórí Fa0/24 ní 192.168.99.10, kí ẹ fi SSH wọ 192.168.99.2. Ẹ má yọ console títí yóò fi wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ gbìyànjú rẹ̀ láti VLAN 20. Kò gbọdọ̀ gbà yín. `show vlan brief` àti `show interfaces trunk` yóò fi hàn bóyá ihò kọ̀ọ̀kan wà níbi tó yẹ.

8. Ẹ fi pamọ́.

copy running-config startup-config

Láìṣe èyí, bí iná bá lọ tó sì padà dé, òfo ni ẹ ó bá. Ẹ ṣe `show running-config` náà, kí ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan lórí láptọ́ọ̀pù. VTP transparent tí a fi sí i níbẹ̀rẹ̀ ni yóò jẹ́ kí àwọn VLAN hàn nínú rẹ̀. Ní server mode, ìyẹn ipò tí VTP máa ń wà bí a kò bá fọwọ́ kàn án, wọn kì í hàn níbẹ̀ rárá.