Bí a ṣe ń ṣírò ọjà iwájú ká tó kówó lé ẹ̀rọ

Ní oṣù kejì ọdún 2023, mo kó ẹ́ńjìnì ẹsáǹsì (epo bẹntiróòlù) méjìlá wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Kétu, nílẹ̀ Benin, àwọn tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́. Ọdún méjì tó ṣáájú, kò sóṣù tí n kì í ta ẹyọ kan, ló bá di pé kí n tètè rà á kó tó wọ́n. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni Tinubu gorí àlééfà ní Nàìjíríà, ó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó epo lọ́hùn-ún fò ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kpayó, ìyẹn ẹsáǹsì tó ń gba bodè wọlé láti ibẹ̀ tí gbogbo wa ń rà létí títì níbí, náà sì bá a fò. Ìyá kan tó ń ṣe gàrí wọlé, ó wo ẹ́ńjìnì náà yípo, ó ní "Ọmọ mi, èyí tó ń mu kpayó yìí, ta ló fẹ́ bọ́ ọ? O ò ní ti gasóìlì ni?" Dísẹ́ẹ̀lì ló ń pè ní gasóìlì. Ó bá tiẹ̀ lọ. Mẹ́jọ nínú méjìlá yẹn lo ju ọdún kan lọ lábẹ́ tapólì, owó mi sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Àtìgbà yẹn ni mi ò ti ra ẹ̀rọ láìkọ nǹkan sílẹ̀ kọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀la dájú kó lọ bá babaláwo, tèmi ò ju pé kí ẹ kọ iye tí ẹ rò pé ẹ máa tà kí ẹ tó náwó, kí ẹ sì padà wá wo ibi tẹ́ ẹ ti ṣì í. Mótópọ́ǹpù (ẹ̀rọ tí ń fa omi), ẹ̀rọ tí ń yín àgbàdo, èyí tí ń rin ẹ̀gẹ́, ẹ̀rọ ìlọta àti pyẹ́ẹ̀sì (ẹ̀yà ara ẹ̀rọ) wọn ni èmi ń tà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta gúrúùpù iná (jẹnẹrétọ̀) tàbí ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù náà lè bá a lọ.

1. Kayé

Kayé, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀, ti ọmọ iléèwé lásán ni tèmi, mo fa ìlà sí i: ọjọ́, ẹ̀rọ wo, iye tó lọ, abúlé tí oníbàárà ti wá, kí ló fẹ́ fi ṣe, ìlà tó kẹ́yìn sì ni mo fẹ́ràn jù, ìyẹn ẹni tó béèrè tí kò rí rà. Ohun tí ẹ tà kì í ṣe ohun tí ọjà fẹ́ o. Bí pọ́ǹpù bá tán lọ́wọ́ yín ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá, tí ẹ kọ 6 sílẹ̀ fún oṣù yẹn, kayé yẹn máa parọ́ fún yín lọ́dún tó ń bọ̀, torí èèyàn mẹ́rin míì wá tẹ́ ẹ dá padà, 10 lọjà fẹ́. Ẹ kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, tó bá di alẹ́ ó ti lọ nìyẹn, ọmọ iṣẹ́ tèmi máa ń sọ pé "kò sẹ́ni tó wá" nígbà tí èmi fúnra mi rí èèyàn mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kó tú fàktúù (ìwé owó ọjà) àtijọ́, kó wo WhatsApp rẹ̀ àti MoMo (owó orí fóònù) tó wọlé. Kò ní pé, ṣùgbọ́n ó sàn ju òfo lọ.

2. Ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ ń jẹ

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà. Àgbẹ̀ kì í jí lọ́jọ́ kan kó ní òun fẹ́ra ẹ̀rọ, owó irè oko ló ń sún un. Torí náà ẹ ya kàlẹ́ńdà irè ẹkùn yín sára ògiri, ẹ wá gbé kayé yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní Kétu níbí, òjò ẹ̀ẹ̀mejì là ń rí, àgbàdo àkọ́kọ́ ń jáde ní oṣù keje sí ìkẹjọ, èkejì ní oṣù kejìlá sí ìkíní, torí náà ẹ̀rọ tí ń yín àgbàdo ní ìgbà méjì tó ń lọ. Tí ẹ bá gòkè lọ sí Ṣábẹ, òjò ibẹ̀ ti ń sún mọ́ ti àríwá, kajú sì wà níbẹ̀, oṣù kejì sí ìkarùn-ún ni wọ́n ń ṣà á, ìgbà yẹn lówó ń wà lọ́wọ́ wọn. Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sápá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní àfonífojì odò Wẹ̀mẹ̀ (Ouémé), ní Adjohoun àti Bonou, odò ló ń ṣe kàlẹ́ńdà: òjò àríwá máa ń ya bò wọ́n, ó máa ń pọ̀ jù ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, tómi bá ti fà, wọ́n á wọ ilẹ̀ tútù yẹn, wọ́n á gbin tòmátì, ata àti ẹ̀fọ́, ìgbà yẹn ni wọ́n ń wá mótópọ́ǹpù. Pọ́ǹpù kan náà, ẹni tó bá fi oṣù Kétu ṣírò fún Ṣábẹ á jẹgbèsè.

Gàrí ló tiẹ̀ kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Ẹ̀gẹ́ máa ń tó ọdún kan nínú ilẹ̀, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀. Tí gàrí bá wọ́n lónìí, gbogbo ayé á lọ gbin ẹ̀gẹ́, ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ á máa lọ dáadáa torí olówó díẹ̀díẹ̀ ti ń múra sílẹ̀, ẹ̀yin náà á rò pé ọjà ti là. Lọ́dún kejì ẹ̀gẹ́ á pọ̀ bí iyanrìn, gàrí á já wálẹ̀, ẹni tó fẹ́ra ẹ̀rọ tuntun á ní kóun ṣì tún ti àtijọ́ ṣe ná. Bí ẹ bá wá gbé sítọ́ọ̀kù ńlá wọlé lọ́dún kejì yẹn torí ọdún kìíní dùn, ẹ ti kó sí i. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé gbogbo ọjọ́ ọjà mo ń bi àwọn ìyá léèrè iye tí wọ́n ń ta gàrí, mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn kayé. Oṣù méjìlá iye owó gàrí wúlò fún mi ju ìròyìn èyíkéyìí lọ.

3. Ẹ wá ṣírò

Ẹ má bẹ̀rù, kálkù fóònù tó. Ká ní ẹ ta pọ́ǹpù 30 lọ́dún kìíní, 36 lọ́dún kejì, 42 lọ́dún kẹta. Àròpín rẹ̀ jẹ́ 36 lọ́dún, ìyẹn 3 lóṣù. Ẹ wá wo oṣù kejìlá nìkan: 6, 8, 10, àròpín 8. 8 pín sí 3 jẹ́ bíi 2.67, ìyẹn ni pé oṣù kejìlá tóbi ju oṣù lásán lọ ní ìlọ́po 2.67. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjèèjìlá, àwọn oṣù kan máa jẹ́ 0.3, ìyẹn kò burú.

Àfikún 6 ló ń wọlé lọ́dọọdún, torí náà 48 ni ẹ ó kọ fún ọdún tó ń bọ̀, 4 lóṣù, 4 lọ́nà 2.67 jẹ́ 10.68, ẹ pè é ní 11 fún oṣù kejìlá. Nọ́mbà yìí ni ìpìlẹ̀, kò tíì parí, torí kò mọ nǹkan kan nípa ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ láyé.

4. Ohun tó ń bọ̀ láti ìta

Ìjọba, bodè, àti dọ́là. Mẹ́ta yìí ló ń da ìṣírò rú jù níbí.

Nàìjíríà ti bodè ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọn ò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Oníbàárà láti Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá, ẹni tí mo ti kà mọ́ra, wọ́n sọnù. Kódà lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i, náírà já ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ẹ̀rọ tí wọ́n ń rọ ní Nàìjíríà wá dọ̀pọ̀ lójú ẹni tó ní sẹefà, owó tiwa níbí, lọ́wọ́, ẹ̀rọ tèmi sì wọ́n lójú ẹni tó ní náírà. Torí ẹ̀, mo ya oníbàárà òkè bodè sọ́tọ̀ nínú kayé, ìṣírò tiwọn ò pa pọ̀ mọ́ ti Kétu mọ́.

Ìjọba wa náà fòfin dè é láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024 pé kajú àti sójà tútù kò gbọdọ̀ jáde nílẹ̀ yìí mọ́, kó lè lọ sí ilé iṣẹ́ abẹ́lé bíi ti àgbègbè ilé iṣẹ́ Glo-Djigbé. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ní Ṣábẹ gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ pé èló ni ilé iṣẹ́ ń san fún àgbẹ̀ lọ́dún yìí. Tí owó yẹn bá dára, wọ́n á rajà, tí kò bá dára, ẹ dín iye náà kù lójú ẹsẹ̀.

Dọ́là wá ńkọ́? Sẹefà wa so mọ́ yúrò, 655.957 sí yúrò kan, kò yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ Ṣáínà dọ́là ni wọ́n ń béèrè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 dọ́là kan wà ní bíi 540 sẹefà, ní oṣù keje ọdún 2022 yúrò já débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá dọ́là dọ́gba, dọ́là wá wà ní bíi 650. Ẹ̀rọ 1,000 dọ́là tí ẹ rà ní 540,000 di 650,000 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi kọ́bọ̀ kan lé e ní Ṣáínà. Ẹni tó ti bá oníbàárà sọ iye tẹ́lẹ̀, èrè rẹ̀ ti wọnú ìyẹn. Ẹ yẹ dọ́là wò kí ẹ tó dá iye fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí iye yẹn máa parí sórí fàktúù.

Ẹni tó fẹ́ràn íntánẹ́ẹ̀tì lè lọ sí Trade Map, ojúlé tó ń kọ iye ọjà tó ń wọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, kó tẹ nọ́mbà tí aṣọ́bodè fi ń pe ọjà, 8413 fún pọ́ǹpù tàbí 8437 fún ẹ̀rọ ìlọta, á rí iye tó ń wọ Benin lọ́dọọdún. Ẹ ṣọ́ra ṣá, ọ̀pọ̀ ohun tó ń wọ Kútọnu kò dúró, òkè bodè, pàápàá Nàìjíríà, ló ń lọ.

5. Ẹ kọ iye mẹ́ta, kí ẹ tó dá ọjọ́ tẹ́ ẹ máa ra

11 yẹn, ẹ fi méjì míì kún un: tí nǹkan bá burú (7), tí nǹkan bá dára (14), kí ẹ kọ ìdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kálukú, bíi "odò pẹ́ kó tó fà" tàbí "kpayó tún wọ́n". Èwo ni kí ẹ wá rà? Ẹ wo ohun tí ẹ máa pàdánù lọ́wọ́ kìíní àti ìkejì. Ká ní pọ́ǹpù jẹ́ 125,000 sẹefà, ẹ ń tà á 150,000, èrè 25,000. Tó bá kù sílẹ̀ ní oṣù kẹta, oṣù mẹ́jọ ló máa jókòó kí ìgbà rẹ̀ tó padà, tówó tẹ́ ẹ yá bá ń jẹ èlé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, 10,000 nìyẹn. Àìtó ń jẹ yín ní 25,000, ìṣẹ́kù ń jẹ yín ní 10,000, ẹ súnmọ́ 14. Fún ẹ́ńjìnì ẹsáǹsì lọ́dún tèmi yẹn, ìdàkejì ni, ohun tó kù ò rí olówó mọ́ rárá, ó yẹ kí n súnmọ́ 7, tàbí kí n ra mẹ́rin kí n tún padà wá.

Látìgbà tẹ́ ẹ san owó ní Ṣáínà títí kí ẹ̀rọ tó jáde ní dúwànì (ọ́fíìsì aṣọ́bodè) Kútọnu, ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta. Pọ́ǹpù oṣù kejìlá, ìparí oṣù kẹjọ ni wọ́n ń sanwó rẹ̀.

6. Pyẹ́ẹ̀sì

Èyí kò gùn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lowó tó dúró wà. Ẹ ka ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ti tà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. 60 ẹ̀rọ, bẹ́líìtì méjì méjì lọ́dún, 120 bẹ́líìtì, kò sí àsọtẹ́lẹ̀ kankan nínú ìyẹn. Béríìnì, asẹ́, plọ́ọ̀gì náà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tí ẹ̀rọ tuntun kò tà, èyí tó ti gbó ló ń bọ́ mi.

7. Ní ìparí oṣù

Ẹ ṣí kayé, ẹ kọ iye tẹ́ ẹ sọ àti iye tẹ́ ẹ tà. Mo ní 11, mo ta 9, mo fi 2 ṣì, 2 nínú 9 jẹ́ bíi 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn kò dùn mí. Ohun tó máa ń dùn mí ni tí mo bá wo oṣù mẹ́fà, tí mo rí i pé gbogbo ìgbà ni mo ń sọ iye tó pọ̀ ju ohun tí mo tà lọ, nígbà náà ìfẹ́ inú mi ló ń kọ nọ́mbà, mo sì máa ń gé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lórí èyí tó kàn.

Mo tún ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ wọlé sára páálí rẹ̀. Gbogbo ìparí oṣù mo ń rìn yí ṣọ́ọ̀bù ká, èyí tó bá ti pé oṣù mẹ́fà, mo ń gé iye rẹ̀ wálẹ̀ ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e. Ẹ́ńjìnì ẹsáǹsì kan ṣì wà níbẹ̀ tó ní "02/2023" lára, mi ò nu ún nù.